Ọ̀já Tí Ń Bẹ Nínú Ara: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Ìdárayá Pilates

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò dá lórí ìwé owó, bẹ́ẹ̀ ni kò dá lórí bí a ti ń tọrọ ẹ̀yáwó. Ẹ̀yìn wa ni ó dá lé lórí: ẹ̀yìn tí àgbẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ roko, tí aránṣọ fi ń tẹ̀ síwájú lórí ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí awakọ̀ fi ń jókòó sójú kan láti Ìbàdàn dé Èkó, tí ìyá ọlọ́jà fi ń gbé ẹrù tí ó sì fi ń sọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ̀yìn bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, owó ọjà yóò dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó kì í dúró. Àwọn akápò wa mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta ni ó fẹ́ sá lọ. Àwọn kan wà nínú wọn tí ó jẹ́ pé ìbàdí ni ó so wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020, àwọn tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn káàkiri ayé jẹ́ mílíọ̀nù 619, kò sì sí àìlera mìíràn tí ń sọ ènìyàn di ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ tó o. Kí ni a sábà máa ń ṣe sí i? Ẹlòmíràn á dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹlòmíràn á ra oògùn ìrora lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri nínú ọkọ̀, á máa gbé e mì láràárọ̀ títí tí yóò fi dá egbò sí i níkùn tàbí kí ó ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíràn á ra bẹ́líìtì fífẹ̀ tí a ń dì mọ́ ìbàdí, á sì gbọ́kàn lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde lórí ẹ̀yìn dídùn tí ó ti pẹ́ lára. Wọn kò gba àwọn dókítà níyànjú láti máa fi bẹ́líìtì ìbàdí ṣe ìtọ́jú tí a ń fún gbogbo ènìyàn. Lára ohun tí wọ́n gbani níyànjú ni ìdárayá tí a ṣètò tí a sì ń ṣe déédéé.

Oríṣiríṣi ni irú ìdárayá bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Pilates, èyí tí a fẹ́ kọ́ lónìí. A mọ̀ pé bí àwọn mìíràn bá ti gbọ́ orúkọ yìí, ohun tí yóò wá sí wọn lọ́kàn ni ilé ìdárayá àwọn olówó, níbi tí àwọn obìnrin ti ń nà lórí ẹ̀rọ onísípíríǹgì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ibi tí nǹkan yìí ti ṣẹ̀ wá yóò rí i pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ olówó ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tí ó dá a sílẹ̀

Joseph Pilates ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ìlú Mönchengladbach ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1883. Ìtàn sọ pé ọlọ́kùnrùn ọmọ ni. Ikọ́ fée ń bá a jà, àrùn tí ń mú kí eegun ọmọdé rọ̀ sì ń bá a jà pẹ̀lú. Ó fi ara sí ìdárayá àti ẹ̀ṣẹ́ títí ara rẹ̀ fi le. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Nítorí pé ọmọ Jámánì ni, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó òun àti àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ sí àhámọ́, ní Lancaster lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní àgọ́ Knockaloe ní erékùṣù Isle of Man.

Ẹ rò ó wò: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin nínú àgọ́ onípákó, láìní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, láìní ibi tí wọ́n lè lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ni wọ́n ní. Orí ilẹ̀ náà ni Pilates ti ń ṣe ìdárayá rẹ̀ tí ó sì ń fi kọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà ní àhámọ́. Wọ́n tún máa ń sọ pé ó so sípíríǹgì mọ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn kí wọ́n lè máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fà á níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, àti pé láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí a ń rí nínú àwòrán lónìí ti ṣẹ̀.

Ní 1926 ó rékọjá sí Amẹ́ríkà. Òun àti Clara, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, ṣí ilé ìdárayá ní òpópónà Eighth Avenue ní New York. Àwọn oníjó tí wọ́n fara pa wà lára àwọn tí ń wá síbẹ̀, nítorí oníjó tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá gbà á láyè láti jó kò ní rí oúnjẹ jẹ. Contrology ni òun fúnra rẹ̀ ń pe ẹ̀kọ́ yìí, èyí tí a lè pè ní ìmọ̀ ìkóra-ẹni-níjàánu. Nínú ìwé rẹ̀, Return to Life Through Contrology, tí ó jáde ní 1945, ìdárayá 34 ni ó wà níbẹ̀. Orí ẹní ni a ti ń ṣe gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tí ó béèrè ẹ̀rọ. Ó kú ní 1967.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tí ó kan àpò wa. Ní ọdún 2000, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní New York dájọ́ pé orúkọ ọ̀nà ìdárayá ni Pilates, kì í ṣe àmì-òwò ẹnì kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó dára fún àwa tí a fẹ́ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé pátákó tí wọ́n kọ Pilates sí kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí ń bẹ nínú ilé mọ̀ ọ́n. A ó padà sórí èyí.

Ọ̀já inú ara

Obìnrin tí ó bá ti pọn ọmọ rí mọ iṣẹ́ ọ̀já. Aṣọ ìpọnmọ ni ó bo ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀já ni ó dì í mú. Bí ọ̀já bá dẹ̀, ọmọ á máa yọ̀ lọ sílẹ̀, ìyá á tẹ̀ síwájú, ọrùn àti èjìká á wá máa ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn. Bí ó bá sì le jù, ìyá kò ní rí èémí mí.

Ara wa ní ọ̀já tirẹ̀. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà nínú ikùn lọ́hùn-ún, lábẹ́ àwọn iṣan tí a ń rí lára àwọn tí ń gbé irin. Ó yí ikùn ká láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Lókè rẹ̀ ni iṣan tí ó rí bí ọmọrí ìkòkò, tí ó pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Òun ni ó ń lọ sódò tí ó ń padà sókè bí a ti ń mí. Nísàlẹ̀, iṣan mìíràn tẹ́ bí ìdí apẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò ìtọ̀ dúró, ó sì gbé ilé ọmọ dúró lára obìnrin. Lẹ́yìn, àwọn iṣan kéékèèké so eegun ẹ̀yìn kan mọ́ èkejì. Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí wọ́n di ìbàdí mú kí ọwọ́ tó gbé ẹrù, kí ẹsẹ̀ tó gbé ìgbésẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́, ọ̀já yìí kì í tètè jí sí iṣẹ́. Ohun tí Pilates ń kọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ju bí a ti ń jí i, kí a sì jẹ́ kí ó wà lójúfò nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́.

Àgbẹ̀ lè bi wá pé: èmi tí mo ń kọ ebè láti ìdájí, kí ni mo tún fẹ́ fi ìdárayá ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Èsì wa ni pé iṣẹ́ oko ń lo ara, ṣùgbọ́n ó ń lò ó sí ọ̀nà kan náà láti àárọ̀ títí dalẹ́, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú ìkánjú. Ẹ̀yìn tí ó tẹ̀ síwájú fún wákàtí mẹ́fà kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kò sì rí ẹni yí i sọ́tùn-ún sósì. Nínú Pilates a ó mú ẹ̀yìn gba gbogbo ọ̀nà tí a dá a láti gbà, láìsí ẹrù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ọkàn wa yóò sì wà níbẹ̀.

A kò ní pọ́n ọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 2015, àwọn olùwádìí nínú àjọ Cochrane kó ìwádìí mẹ́wàá jọ lórí Pilates àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dídùn. Àwọn ènìyàn 510 ni ó kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé ó dín ìrora kù ju kí ènìyàn máà ṣe nǹkan kan tàbí kí ó ṣe díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí tí ó dájú pé ó borí àwọn ìdárayá mìíràn. Ẹni tí ó bá ti ní ìdárayá kan tí ara rẹ̀ gbà, tí ó sì ń ṣe é déédéé, kò sí ìdí tí yóò fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwa fẹ́ràn Pilates fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa nítorí pé ẹní àti ilẹ̀ ni ó ń béèrè, àti nítorí pé àgbà ẹni ọgọ́ta ọdún lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà

Bí ẹ̀yìn bá ń dùn tí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri tàbí tí kò lágbára mọ́, tí abẹ́ tàbí àárín itan kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò ṣeé dá dúró mọ́, ẹ má ṣe tẹ́ ẹní rárá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni bí ìrora bá tẹ̀ lé ìṣubú tàbí ìjàǹbá ọkọ̀, bí ibà bá bá a rìn, tàbí bí ènìyàn bá ń rù láìnídìí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, àti àgbà tí wọ́n ti sọ fún pé eegun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Aboyún lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn agbẹ̀bí. Bí oyún bá ti kọjá oṣù mẹ́rin, kò yẹ kí ó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ gan-an

Ẹ wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹní kan ṣoṣo lè máa pa eegun lára, nítorí náà ẹ tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a ká sí méjì lé e. Bẹ́ẹ̀dì kò dára, ó rọ̀ jù. Ṣòkòtò tí ó dẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ìró á máa tú mọ́ni lára, ọkàn á sì kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ má ṣe é ní kété tí ẹ jẹun tán. Ẹ fún oúnjẹ ní wákàtí kan ó kéré tán, tí ó bá sì jẹ́ iyán ni, wákàtí méjì.

Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí àyè tó ìkúùkù méjì wà láàárín ẹsẹ̀ kan àti èkejì. Ẹ fi aṣọ tí a ká pẹlẹbẹ sábẹ́ orí kí àgbọ̀n má baà yọ sókè. Ẹ fi ọwọ́ bọ abẹ́ ìbàdí wò: ó yẹ kí àtẹ́lẹwọ́ lè wọ àyè tí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìkúùkù má lè wọ̀ ọ́. Bí ìkúùkù bá wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ti ga jù. Bí ọwọ́ kò bá wọ̀ ọ́ rárá, ẹ ti tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ jù. Ibi tí kò ga tí kò sì tẹ̀ yìí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èémí ni ẹ̀kọ́ kìíní. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé egungun ìhà. Ẹ fa èémí wọ imú, kí ẹ jẹ́ kí egungun ìhà ṣí sọ́tùn-ún àti sósì bí ìgbà tí a bá ń ṣí agboòrùn. Èjìká kò gbọdọ̀ gòkè wá sí etí. Lẹ́yìn náà ẹ mí síta gba ẹnu, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná, kí ẹ jẹ́ kí egungun ìhà padà pa dé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ ti ń yára jù. Ẹ sinmi, kí ẹ mí bí ẹ ti máa ń mí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ọ̀já náà. Bí ẹ ti ń mí síta, ẹ rọra fa abẹ́ ìdodo wọ inú, pẹ̀lú bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n tí ó sì ń mú un mọ́ra. Ẹ fi ìka tẹ inú eegun ìbàdí níwájú, ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka pé iṣan kan rọra le. Bí ikùn bá wú sókè tí ó ń ti ìka yín, kì í ṣe òun nìyẹn. Ẹ ti ń tinú ni. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó le tó? Bí gbogbo agbára yín bá jẹ́ náírà mẹ́wàá, ẹ má ṣe ná ju mẹ́ta lọ níbẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà dán an wò ni pé bí ẹnì kan bá kọjá tí ó kí yín, ẹ gbọ́dọ̀ lè dá a lóhùn láìsí pé ọ̀já tú. Bí ẹ kò bá lè dáhùn, ẹ ti dì í jù.

Ẹ̀kọ́ méjì yìí nìkan ni kí ẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ kìíní. A mọ̀ pé ó lè dà bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan. Àwọn ọkùnrin ni ó sábà máa ń fò ó kọjá, wọ́n á ní kí a fún àwọn ní èyí tí ó le. Kò sí èyí tí ó le nínú ìyókù tí a lè ṣe dáadáa láìsí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ wà ní ipò kan náà. Ẹ mí sínú. Bí ẹ ti ń mí síta, ẹ di ọ̀já, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ títí tí orúnkún yóò fi wà lókè ìbàdí gan-an. Ẹ mí sínú, kí ẹ sì mí síta bí ẹ ti ń dá a padà. Kí ẹ tún ṣe ẹsẹ̀ kejì. Ohun tí ẹ ń ṣọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀, ìbàdí ni: kò gbọdọ̀ mì, kò gbọdọ̀ yí, àyè abẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà. Ẹ ṣe é ní mẹ́fà-mẹ́fà. Bí ìbàdí bá mì ní ìkẹrin, ẹ dúró sí mẹ́ta. Mẹ́ta tí ó mọ́ sàn ju mẹ́wàá tí ó gbọ̀n lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Lẹ́yìn èyí ni afárá. Láti inú ipò yẹn kan náà, ẹ mí síta, kí ẹ rọra gbé ìdí kúrò lórí ẹní, lẹ́yìn náà ìbàdí, lẹ́yìn náà àárín ẹ̀yìn, eegun kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ń ká ẹní láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ dúró nígbà tí ó bá ku èjìká àti orí nìkan nílẹ̀. Ẹ mí sínú níbẹ̀. Bí ẹ ti ń mí síta, ẹ tún ẹní náà tẹ́ padà: òkè ẹ̀yìn lákọ̀ọ́kọ́, ìdí ní ìkẹyìn. Púpọ̀ nínú wa yóò rí i pé ibì kan wà lẹ́yìn wa tí eegun mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń bọ́ sílẹ̀ gbì lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ó ti le gan. Ẹ má ṣe fipá mú un. Ẹ kàn máa lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá dé ibẹ̀, á máa yọ̀ǹda bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Bí ẹ̀yìn itan bá fẹ́ ká gìrì, ẹ fa gìgísẹ̀ súnmọ́ ìdí díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀ bí ọmọ tí ń rá. Ọwọ́ wà lábẹ́ èjìká, orúnkún wà lábẹ́ ìbàdí. Ẹ di ọ̀já, kí ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn títí tí yóò fi kúrò nílẹ̀. Nígbà tí èyí bá rọrùn, kí ọwọ́ òsì náà nà síwájú pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ rò pé igbá omi wà lórí ìbàdí yín. Omi náà kò gbọdọ̀ dà.

Fún àwọn aránṣọ, àwọn awakọ̀, àti gbogbo ẹni tí ń jókòó tẹ̀ síwájú, èyí tí ó tẹ̀ lé e ṣe pàtàkì jù. Ẹ dojú bolẹ̀, kí iwájú orí lé ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ di ọ̀já bí ẹni pé èèrà kan ń kọjá lábẹ́ ìdodo tí ẹ kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Bí ẹ ti ń mí sínú, ẹ gbé àyà kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ojú ṣì máa wo ẹní. Ìwọ̀n ìka mẹ́rin ti tó. Ẹ mí síta, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ yìí bí kò ṣe àárín èjìká méjèèjì. Bí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá gún yín, ẹ ti gòkè jù.

Ọgọ́rùn-ún

Ìdárayá àkọ́kọ́ nínú 34 tí Joseph Pilates kọ sínú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá ti wo àwòrán rẹ̀ yóò rí i pé orí àti èjìká kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nà sókè, ọwọ́ sì ń lu afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara sókè sódò nígbà ọgọ́rùn-ún: ìmí sínú fún márùn-ún, ìmí síta fún márùn-ún, lọ́nà mẹ́wàá. Nítorí pé òun ni ó ṣáájú nínú ìwé, àwọn ènìyàn rò pé òun ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sáré sí i láìtíì mọ ọ̀já dì, ọrùn ni yóò fi gbé orí, ìbàdí ni yóò fi gbé ẹsẹ̀, yóò sì dìde pẹ̀lú ìrora tí kò gbé wá.

Bí ó ti yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ ṣe é nìyí: kí orí wà nílẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀, kí ọwọ́ nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ẹ di ọ̀já, kí ọwọ́ máa lu afẹ́fẹ́ ní kékeré, márùn-ún sínú, márùn-ún síta. Ẹ ṣe ogún, kí ẹ sinmi. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ẹ ń ṣe ọgọ́ta láìsí wàhálà, ẹ lè gbé ẹsẹ̀ kan sókè ní ìká-orúnkún, lẹ́yìn náà èkejì. Àwọn tí eegun wọn ti di ẹlẹgẹ́ kò gbọdọ̀ ká orí àti èjìká sókè rárá, nítorí títẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀ lè fọ́ eegun ẹ̀yìn. Àwọn ìdárayá tí a ti ń yí gbirigbiri lórí ẹ̀yìn, àti èyí tí a ti ń ju ẹsẹ̀ kọjá orí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ẹ ó fi ní olùkọ́ níwájú yín.

Ìgbà mélòó lọ́sẹ̀? Pilates fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé rẹ̀ pé kí a ṣe é nígbà mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan ti tó olùbẹ̀rẹ̀. Ara á mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, pàápàá ní ikùn àti itan. Kò sí ewu nínú ìyẹn. Ìrora tí ó gún bí abẹ́rẹ́, tàbí èyí tí ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ẹsẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ dúró fún. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, sé èémí mọ́ra nígbà tí ó bá ń ṣe é. Kí a rántí pé Pilates kì í mú ọkàn sáré tó bí ìrìn yíyá ti ń ṣe. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ní kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tí ń mú ara yá fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹní rọ́pò ẹsẹ̀.

Kí ẹ mú ọ̀já náà lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú. Kí ẹ tó gbé agbè tàbí àpò gààrí, ẹ súnmọ́ ọn, ẹ ká orúnkún, ẹ mí síta bí ẹ ti ń gbé e, kí ọ̀já ti wà ní dídì. Aránṣọ tí ó bá dìde lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó sì na ara sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò pàdánù iṣẹ́ kankan.

Ní ti olùkọ́, owó rẹ̀ lè wọ́n fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá lè jọ san án, kí wọ́n sì lo gbọ̀ngàn ìpàdé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ àti iye ìgbà tí ó fi kọ́ ọ. Kí ẹ wò ó bóyá ó béèrè ìlera olúkúlùkù kí ó tó tẹ́ ẹní, bóyá ó ń rìn káàkiri láti tọ́ àwọn ènìyàn sọ́nà tàbí ó kàn ń ṣe tirẹ̀ níwájú kí a máa wò ó. Èyí tí kò béèrè nǹkan kan nípa ara yín, ẹ má ṣe san owó fún un.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ lè fi jókòó tàbí tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀yìn tó dùn, àti bóyá ó ń jí yín lóru. Ẹ tún kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá. Bí kò bá yí padà rárá, ẹ gbé ìwé náà lọ sí ẹ̀ka fisiotẹ́rápì ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ yóò wúlò fún wọn ju kí ẹ kàn wí pé ẹ̀yìn ń dùn yín lọ.